Ẹni Tó Bá Wa Wo Ilé Wọn

Àfẹ́sọ́nà ọmọ mi ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ọ́ fún mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

"Mà, àwọn bàbá mi ní ká ṣì fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà sílẹ̀ díẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní àwọn gbọ́ nǹkan kan nípa ìdílé yín."

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn kí ọmọ yìí tó dá ẹsẹ̀ rìn. Mo mọ̀ pé tí ẹlẹ́rìí bá ní òun gbọ́ "nǹkan kan," ó mọ nǹkan náà dáadáa. Mo ní kó jókòó, mo gbé omi fún un, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn ju ìbéèrè lọ.

"Wọ́n ní orí màmá yín dàrú nígbà kan," ó sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì. "Wọ́n ní etí ọ̀sà ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n á máa fi orúkọ bàbá yín pe gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Ẹni tí àwọn bàbá mi ní kó bá àwọn wádìí ni."

Ọmọ mi ń ṣe ọbẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jáde wá sí pálọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì.

"Màámi, màmá àgbà ya wèrè rí?"

Èmi ni mo bí i, èmi ni mo sì yẹ kí n sọ ọ́ fún un, lọ́jọ́ tó bá wù mí, lọ́nà tó bá wù mí. Ẹnì kan ti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ mi. Ìgbéyàwó ọmọ mi sì ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni náà, bó ṣe fẹ́ kó ṣe é.

Iṣẹ́ mi ni láti mọ orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ rédíò wa, a kì í lo àwọn ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wù wá. Tí ọlọ́pàá bá wọ aṣọ ilé kó lè mú ọ̀daràn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ là ń pè é: ẹni tó ń rọra tẹ ilẹ̀ kó lè mú ẹyẹ, bí olóòtú àkọ́kọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Tí ìròyìn bá ti òkè òkun wá nípa ẹni tí aráàlú háyà láti máa ṣọ́ ọkọ tàbí ìyàwó, a ó fi "aládàáni" kún un. Mo ti ka "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni" lórí afẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹnì kan ní Àgbádárìgì tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ wò fínnífínní láìjẹ́ ọlọ́pàá, atọpinpin ni. Àwọn obìnrin ìjọ wa náà máa ń lò ó, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, fún ìyàwó tó máa ń yẹ fóònù ọkọ rẹ̀ wò.

Ní ìgboro, síàídì ló wọ́pọ̀. Ọmọdé tí ìbéèrè rẹ̀ bá pọ̀ jù, síàídì ni. Àwọn ọlọ́kadà Mowo máa ń pe èmi náà bẹ́ẹ̀: "Síàídì ti dé o, ẹ pa ẹnu yín mọ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín tán, wọ́n á sì sọ ohun tí mo bá wá. Ṣùgbọ́n ní Sẹ̀mẹ̀ lẹ́nu ibodè, ẹnikẹ́ni kì í fi ìnfọ́mà ṣeré, ẹni tó ń tú àṣírí àwọn onífàyàwọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo rí ọkùnrin méjì tó ń ṣẹ́ owó níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ọ̀kan fi ìnfọ́mà pe èkejì nínú àwàdà, ìjà dé, abọ́ sì fọ́. Àwọn àgbà ìjọ wa ní tiwọn fẹ́ràn amí, nítorí àwọn tí wọ́n rán lọ wo ilẹ̀ Kénáánì. Lójú wọn, iṣẹ́ rere ni amí ń ṣe, tó bá ti jẹ́ pé àwa la rán an. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló rán an sí wa, olófòófó ni.

Ẹni tí ìdílé máa ń rán lọ wádìí ìdílé mìíràn kí ọmọ tó lọ sílé ọkọ, a kì í fẹ́ fún un lórúkọ. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, alárinà ni, gbogbo ayé á rí i níbi tó jókòó sí láàárín ilé méjèèjì. Kó tó di ọjọ́ yẹn, nígbà tó ṣì ń rìn jẹ́jẹ́ ní àdúgbò àwọn àna, "ẹni tó ń bá wa wo ilé wọn" là ń pè é, a ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun tó lọ wò kò ṣàjèjì: ṣé olè wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń na ìyàwó, ṣé wárápá wà, ṣé ẹ̀tẹ̀, ṣé wèrè. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àjèjì pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ ní ilé tó lè yà sí ní abúlé wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló wá ṣe.

Àwa náà ti rán tiwa lọ sí Ikoga, níbi tí àwọn òbí ọkọ ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi la rán. Aṣọ ló ń tà, ó máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ kó o ní Kútọnu. Ilé tó kọjú sí tiwa ló ń gbé, ọmọ Ikoga sì ni ìyá tó bí i. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun ń pe èmi ní Oníròyìn. A ti jọ ń jẹun láti ìgbà tá a ti jọ lóyún àwọn ọmọ wa.

Ó ṣe bí ẹni wá ra gàrí. Nígbà tó dé, ó bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sórí àga mi.

"Oníròyìn, ilé dáa. Bàbá ọmọ náà máa ń pariwo, àmọ́ ariwo lásán ni. Ìyàwó ẹ̀ ló ń pàṣẹ."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn tó ń yan gàrí. Bí mo ṣe ń tọ́ ọ wò ni mo ń bi wọ́n. Wọ́n ní tó bá pariwo tán, á gbé korobá, á lọ pọn omi tí ìyàwó ní kó pọn."

"Wèrè ńkọ́?"

"Wèrè wo? Àfi tó o bá ka àbúrò bàbá náà mọ́ ọn, èyí tó máa ń sunkún tí wọ́n bá ti jẹ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹ̀ lókè òkun."

A rẹ́rìn-ín títí. Mo bu oúnjẹ fún un. Mo fi tẹlifóònù pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, mo sọ fún un pé ilé dáa. Ọkàn mi balẹ̀.

Nísinsìnyí, mo ní láti sọ nípa màmá mi. Ní abúlé kan létí ọ̀sà la ti dàgbà. Bàbá mi lọ pẹja lọ́jọ́ kan tí ìjì jà, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Màmá mi kò gbà pé ó kú. Ó ń lọ sí etí omi, ó ń pe àwọn ọkọ̀, kò jẹun, kò mọ àwa ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò. Àwọn àbúrò rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgbọn, àgbọn yẹn ló sì fi rán wa níléèwé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ ọ́. Kì í ṣe pé ojú ń tì wá. A kàn kò ní ẹni tá a fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún. Nígbà tí ọkọ Ìyá Ìbejì kú, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn ẹbí ọkọ ń ka Bíbélì sí i létí. Mo jókòó tì í lórí ẹní náà, mo sọ fún un pé orí ìyá mi náà dàrú rí, pé ó máa ń fi orúkọ bàbá mi pe gbogbo ọkọ̀ tó bá ń kọjá, àmọ́ ó padà wá. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn máa ń ti ibẹ̀ bọ̀. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Gbogbo ọkọ̀?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló mu ẹ̀kọ.

Gbólóhùn yẹn gan-an, láìyẹ̀ láìfò, ni àfẹ́sọ́nà ọmọ mi gbé wá sí pálọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí ni mo fi ń jẹun. Mo mọ gbólóhùn ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì, mo sì mọ tèmi.

Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun. Mo tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, bóyá òun ló sọ ọ́ fún ẹnì kan.

"Èmi kẹ̀? Ìyẹn ni pé wọ́n rán amí sí wa!"

"Bọ̀dá, àwa náà rán tiwa."

"Tiwa yàtọ̀. Tiwa kàn lọ wo ilé."

Mo bá jáde sí àdúgbò, mo ń ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, mo ń béèrè láti ojúlé dé ojúlé. Ṣé àlejò kankan wá béèrè nípa wa? Mo ń gbàdúrà pé kí ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ tó wà ní orígun ní kò sí ẹni tó bi òun. "Síàídì wo ló máa wá síbí tí kò ní gẹ irun?" Mo lọ bá ìyá àgbàlagbà tó ń ta ẹja yíyan lẹ́nu ọ̀nà wa. Ègùn ni, Ègùn sì wà nínú gbogbo Yorùbá tó bá ń sọ. Ó máa ń pè mí ní "ovi ṣie," ọmọ òun.

"Ovi ṣie, kò sí olófòófó tó lè gba ojú mi kọjá."

"Kí ló jẹ́ kó dá yín lójú, màmá?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ nípa àdúgbò yìí, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi? Èmi ni. Wọn ò bi mí." Ó gbọn eṣinṣin kúrò lórí ẹja. "Ó tiẹ̀ dùn mí. Kí ló dé tí wọn ò fi bi mí? Ohun rere nìkan ni ǹ bá sọ nípa ẹ."

Ìyẹn ni ẹ̀rí tí mo ń sá fún. Wọ́n ní àwọn wádìí wa, ṣùgbọ́n wọn kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ ọ́ kò nílò láti béèrè. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà ní Mowo, ó gbé mi dé Ikoga. Ìyá ìyàwó kì í fẹsẹ̀ tẹ agboolé àna kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa mọ ara wọn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ, obìnrin, ni mo bá níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Fọ́tò mi tó wà lórí fóònù ọmọ wọn ló fi dá mi mọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ̀bẹ nù.

"Hà! Ìyá ìyàwó! Kí lẹ wá ṣe níbí? Ṣé ẹ fẹ́ gba orí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ta ló bá yín wo ilé wa?"

Ó wò mí bóyá àwàdà ni mò ń ṣe. Ó wá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ọ̀rẹ́ yín náà ni."

"Èwo nínú wọn?"

"Èwo tún ni? Èyí tẹ́ ẹ rán sí wa!"

"Ẹ mọ̀ pé a rán an?"

"Ẹni tó ní òun wá ra gàrí, tó wá ń béèrè bóyá bùọ̀dá mi ń na ìyàwó! Gàrí wo ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Àwọn tó ń yan gàrí ti wá sọ fún wa kó tó sọdá títì. Àmọ́ bùọ̀dá mi fẹ́ràn bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní, obìnrin yìí mọ iṣẹ́ náà, ilé ìyá ẹ̀ ni Ikoga, iwájú ilé wọn ló sì ń gbé. Kí la tún ń wá ẹlòmíì kiri sí? Nígbà tó tún wá, la bá ní kó bá àwa náà wò yín."

"Ó sì gbà?"

"Ó ní òun ò ní purọ́ fún ẹ̀yin, òun ò sì ní purọ́ fún àwa. A ní ohun tá a ń wá gan-an nìyẹn." Ó wá rí ojú mi. "Ẹ ò mọ̀ lóòótọ́? Àwa rò pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kó sọ ti màmá yín fún wa. A tiẹ̀ ní ẹ ní ìgboyà."

Mo fa àpótí kan, mo jókòó. Mo mú ẹ̀gẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó o, kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe. Mo sọ ti bàbá mi fún un, mo sọ ti ìjì náà, mo sọ ti àgbọn. Ó gbọ́ ọ tán.

"Àṣé ọkọ ẹ̀ ló ń wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ara ẹ̀ sì yá?"

"Ó tọ́ wa dàgbà. Kò tún ṣe é mọ́ títí ó fi kú."

"Ohun tó ń ba bùọ̀dá mi lẹ́rù ni pé bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ọ̀rẹ́ yín ò sọ ti ọkọ̀ tí wọ́n rí lófìfo fún wa. N óò bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n á pariwo, àmọ́ wọ́n á wá." Ó na ọ̀bẹ sí mi. "Nǹkan kan o. Obìnrin yẹn ló máa ṣe alárinà. Ẹ má lọ fi ẹlòmíì pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lé e, bùọ̀dá mi á ní nǹkan mìíràn tún wà tẹ́ ẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ fi lé ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ á parí sí nìyẹn."

Lórí ọ̀kadà, bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo wá orúkọ tí n óò pe ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kọ́, kò tẹ ilẹ̀ kankan. Atọpinpin kọ́, kò tọpinpin ohunkóhun, ńṣe ló jókòó sílé rẹ̀. Amí kọ́, ọ̀dọ̀ wa ló wà láti ọjọ́ yìí wá. Ìnfọ́mà ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ìnfọ́mà máa ń sá pamọ́, èyí sì ti jẹun nílé mi lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń kà lórí afẹ́fẹ́, kò sí ọ̀kan tó bá a mu. Ọ̀rẹ́ nìkan ló bá a mu, torí ọ̀rẹ́ tá a jọ ń ṣe ló fi mọ̀ ọ́n.

Ìta ilé rẹ̀ ni mo bá a, ó ń ká aṣọ sórí tábìlì kó tó gbé wọn lọ sọ́jà. Ó rí mi, ó fún mi ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ kan kí n bá a dì í mú, bí a ṣe máa ń ṣe. Mi ò gbà á.

"O lọ sí Ikoga," ó ní.

"Mo lọ."

"Oníròyìn, jókòó."

"Mi ò ní jókòó. Ṣé ìwọ lo sọ ti màmá mi fún wọn?"

"Èmi ni." Kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ya wèrè rí nílé yín. Kí n ní rárá?"

"O lè ní kí wọ́n wá bi mí."

"Ta ló ń bi onílé? Ìwọ tó o rán mi lọ síbẹ̀, ṣé bàbá wọn lo ní kí n bi?"

"Tiwọn, o béèrè. O tọ́ gàrí wò, o jókòó ti àwọn tó ń yan gàrí. Tèmi, ta lo bi?"

Ó ká aṣọ kan, ó tún un tú.

"Wò ó. Tí n bá bò ó, tí wọ́n wá gbọ́ ọ níbòmíì lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọmọ ẹ ni wọ́n á máa fi bú. Nínú ilé ọkọ! Mo sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó sọ ọ́."

"Ta ni ẹlòmíì? Ìyá Ìbejì, ta ni ẹlòmíì? Ta ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìwọ?"

Obìnrin kan wá bi í ní iye tó ń ta léèsì, ó dá a lóhùn, obìnrin náà lọ.

"O ò sọ fún mi pé kí n má sọ ọ́," ó sọ níkẹyìn.

Òótọ́ ni. Ní iṣẹ́ wa, tí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ bá ní kí n má kọ ọ́, n kì í kọ ọ́. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ó kù sí ọwọ́ mi. Gbogbo ẹni tó ti bá mi sọ̀rọ̀ rí ló mọ̀ pé oníròyìn ni mí. Àmọ́ lórí ẹní ọ̀fọ̀, nígbà tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọkọ̀ tí wọ́n rí lófìfo, o ò sọ ìyẹn fún wọn," ni mo ní. "Àgbọn tó tà, o ò sọ ọ́. Bó ṣe padà wá, o ò sọ ọ́. Ibi tó wúlò fún ẹ lórí ẹní, o fi sílẹ̀ sílé. Èyí tó kù lo gbé fún wọn."

"Wọn ò bi mí nípa ìyẹn."

Mo sọdá títì, mo wọlé.

Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ màmá mi fún ọmọ mi lálẹ́ kó tó jẹun. Ó gbọ́, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú. Kò bi mí nípa wèrè mọ́. Ohun tó bi mí ni pé: "Kí ló dé tí Ìyá Ìbejì mọ̀, tí èmi ò mọ̀?" Mo bu ọbẹ̀ fún un. Mo wá sọ fún un ohun tí àwọn ará Ikoga ní kí á ṣe, pé alárinà náà kò gbọ́dọ̀ yí padà. Mo ní tó bá fẹ́, mo lè kọ̀, kí ọ̀rọ̀ bàjẹ́ síbẹ̀.

"Màámi, mo fẹ́ ẹ," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wá jókòó. Ṣé àga lásán kọ́ ni?"

Àga lásán kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ló ń lọ ilé ọkọ, èmi kọ́.

Wọ́n wá. Wọn kò pọ̀, pálọ̀ wa gbà wọ́n. Bàbá ọkọ pariwo ní ẹnu ọ̀nà nípa bí ọlọ́kọ̀ ṣe wakọ̀, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó sì dákẹ́. Ohun tí Ìyá Ìbejì ròyìn nípa wọn kò yẹ̀ rárá. Òun náà wọlé lẹ́yìn wọn, ó wé gèlè tó mọ níwọ̀n, ó jókòó láàárín, níbi tí àwọn ẹbí méjèèjì ti lè rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ti bínú sí amí lórí fóònù, dìde fún un.

Ẹni tó ń ṣe agbẹnusọ fún ẹbí ọkọ béèrè pé ta ló mọ ilé méjèèjì, tó lè jẹ́rìí pé ilé ire ni.

"Èmi ni," Ìyá Ìbejì dáhùn, ó sì dìde. Ó yin àwọn ará Ikoga. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tiwa, ó sọ fún gbogbo ilé pé obìnrin tó dá tọ́ ìyá ìyàwó yìí dàgbà, tó fi àgbọn rán ọmọ níléèwé lẹ́yìn tí omi gba ọkọ rẹ̀ lọ, tí ọkọ̀ nìkan padà lófìfo, tí òun náà sì ti inú ọ̀fọ̀ padà bọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àbúrò bàbá ọkọ, obìnrin tí mo bá bó ẹ̀gẹ́, mi orí sí mi láti ìkángun kejì, inú rẹ̀ dùn, bí ẹni pé òun ló bá wa parí ìjà.

Gbogbo ohun tí mo bá a jà lé lórí lójú títì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: ọkọ̀ òfìfo, àgbọn, bó ṣe padà wá. Ó sọ ọ́ dáadáa. Tèmi ni, ó sì tún fi ṣe ẹ̀bùn fún mi níwájú àlejò. Wọ́n ń retí pé kí n fèsì. Mo dìde, mo ní, "A dúpẹ́, mà."

Ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ìyàwó ṣe máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ alárinà. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dìde, ó gbá a mọ́ra, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Mi ò rò pé ẹ̀tàn ni. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó gbé abọ́ tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, sí ibi tó máa ń jókòó sí. Mo dìde, mo lọ ń pín omi fún àwọn àlejò.

Ọmọ mi ti wà nílé ọkọ báyìí, ara rẹ̀ le, wọ́n sì ń ṣìkẹ́ rẹ̀. Èmi àti Ìyá Ìbejì ṣì ń kí ara wa láàárọ̀. Tó bá ti Kútọnu dé, ó máa ń fi búrẹ́dì gígùn ránṣẹ́ sí mi, mo sì máa ń dúpẹ́. Ó ń bi mí nípa iṣẹ́, nípa ẹ̀gbọ́n mi, nípa ẹ̀fọ́rí tó ń yọ mí lẹ́nu. Mo ń dá a lóhùn. Àmọ́ láti ìgbà náà, mi ò tíì sọ ohunkóhun fún un tí mi ò lè kà lórí afẹ́fẹ́.